Ta Ni Yóò Jẹ Àjẹkù Ìyá Àgbà?

Zemidjan, ìyẹn ọ̀kadà àwọn ará Benin, já mi kalẹ̀ ní Takon, eruku pupa ti bo ṣòkòtò mi dé orúnkún. Nínú àgbàlá tí mo kọ́kọ́ yà sí, ìyá àgbà kan ń pa ẹkùrọ́ lábẹ́ àtíbàbà: òkúta kékeré lọ́wọ́, òkúta ńlá nílẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, èèpo bọ́ sápá kan, ọmọ inú rẹ̀ bọ́ sínú igbá. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo fi Paro hàn án lórí fóònù mi. Ẹ̀rọ ni, ó jọ ọmọ ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní séálì, irun rẹ̀ funfun báláú. Takanori Shibata ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Japan lọ́dún 1993. Bí o bá fọwọ́ pa á lára, á ṣẹ́jú, á gbórí, á ké. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Japan, Denmark àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń gbé e lé àwọn tí iyè wọn ti ra, ara wọn a sì balẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta ọ̀kan.

Ìyá wò ó títí.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Rárá, ìyá. Iná mànàmáná ni oúnjẹ rẹ̀."

"Ta ni yóò wá jẹ àjẹkù mi?"

Kò pẹ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kúulé, ìyá." Ìyá ṣí abọ́, ó na ìlàjì àkàsà àti orí ẹja sí i. Nígbà tí ọmọ náà jẹun tán, ìyá rán an lọ ra iyọ̀. Iyọ̀ wà nílé o, ó kún agolo dẹ́nu. Mo fojú ara mi rí i. Ohun tí arúgbó yóò gbà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń rò. Ẹni tí òun yóò fún, tí òun yóò rán níṣẹ́, ni ìyá yìí ń wá.

Ká má tan ara wa ṣá, kì í ṣe gbogbo àgbà ló ní ẹni tí yóò rán níṣẹ́ nítòsí. Ní ilé kejì, bàbá kan dá jókòó ti rédíò. Kútọnù àti Èkó làwọn ọmọ rẹ̀ wà. Mo sọ fún un nípa ElliQ, ẹ̀rọ orí tábìlì tó ń bá àgbà tàkúrọ̀sọ, tó sì ń rán an létí oògùn. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ New York kéde pé àwọn yóò pín in fún àgbàlagbà tó lé ní 800. Èyí wu bàbá.

"Ṣé ó gbọ́ Nàgó, èdè wa?"

"Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun tẹ nọ́ńbà Kútọnù. Ọmọdé kan gbé e, ó ń sọ Faransé wàràwàrà. Bàbá tẹ́tí sí i díẹ̀, ó na fóònù sí mi pé kí n bá òun túmọ̀ ohun tí ọmọ-ọmọ òun wí.