Kí N Tó Lu Ihò Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ ètò wa tipẹ́ á rántí pé mo ṣèlérí láti kan àpótí géèmù sínú gáréèjì wa ní Little Elm níbí, irú èyí tí wọ́n máa ń sọ owó sí láyé ìgbà kan. Àpótí ti dúró. Raspberry Pi ti wà nínú ẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n ti tàn. Pátákó ìdarí ló kù, ìyẹn pẹpẹ tí joystick àti bọ́tìnì wà lórí ẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé.

Bàbá mi ló dá mi dúró. Wọ́n wá láti Ìbàdàn láti lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọwọ́ òsì wọn kò sì tíì padà bọ̀ sípò. Wọ́n lè fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò gbọ́ràn mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sì ti kéde pé òun àti Bàbá àgbà ló máa kọ́kọ́ ṣe géèmù náà.

Wàyí o, pátákó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fi joystick sọ́wọ́ òsì, bọ́tìnì sọ́wọ́ ọ̀tún. Street Fighter II tó jáde lọ́dún 1991 ló jẹ́ kí bọ́tìnì mẹ́fà gbòde kan. Tí mo bá tẹ̀ lé ìyẹn, ọwọ́ tó ń dun bàbá mi ni wọ́n máa fi darí. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún làwọn ti fi ń ta ayò láti kékeré!

Mo kó àwọn ọmọ lọ sí National Videogame Museum ní Frisco, ìlú tó múlé tì wá, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2016. Àwọn ọmọ ń wo ojú géèmù, èmi ń wo ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ṣé ẹ rí i, àwọn àgbà oníṣẹ́ yẹn kì í ya pátákó kan fún gbogbo géèmù. Ti Pac-Man, 1980, joystick kan ní àárín ni, ọwọ́ tó bá wù yín lẹ lè fi dì í mú. Ti Asteroids, 1979, kò ní joystick rárá, bọ́tìnì márùn-ún ni. Àwa tá a fẹ́ kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún géèmù sínú àpótí kan la kó ara wa sí wàhálà. Mo ti rí pátákó tó dà bí àtẹ ìyá aláta.

Joystick fúnra ẹ̀ ní ẹ̀tàn. Swíìṣì kéékèèké mẹ́rin ló wà lábẹ́ ẹ̀. Tí ẹ bá tì í sí kọ̀rọ̀, méjì á kàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Géèmù ìjà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Pac-Man lè kọ̀ láti yà ní ìkòríta. Mo wá ra irú èyí tó ní awo kékeré nísàlẹ̀ tí mo lè yí kó má lè lọ sí kọ̀rọ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti wáyà. Bọ́tìnì ò ju swíìṣì lọ. Ẹ ronú nípa aago ẹnu ọ̀nà tó ní bọ́tìnì méjì, ọ̀kan níwájú ilé, ọ̀kan lẹ́yìn: èyí tó wù kí ẹ tẹ̀, aago kan náà ló máa dún. Nítorí náà, ní ìdúró ti bàbá mi, joystick á wà ní àárín fún ọwọ́ ọ̀tún wọn. Bọ́tìnì kéékèèké mẹ́ta á wà lápá ọ̀tún fún ẹlòmíì tó bá jókòó síbẹ̀. Lápá òsì, bọ́tìnì ńlá kan tó fẹ̀ tó 100 mm, tí àtẹ́lẹwọ́ lè tẹ̀, á pín wáyà pẹ̀lú bọ́tìnì àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà ò ní mọ èwo la tẹ̀. Ọmọ mi á ní ti ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bọ́tìnì mẹ́fà pé.

Mo gé páálí ní ìwọ̀n pátákó gan-an. Ìdérí ìgò omi ló di bọ́tìnì kéékèèké, ìdérí agolo di ńlá. Fífẹ̀ ínṣì 24 ni mo kọ́kọ́ gé, ìgúnpá bàbá àti ọmọ ń kọlu ara wọn. Mo sọ ọ́ di 30. Mo to ìdérí agolo náà sórí ìlà kan pẹ̀lú àwọn tó kù, ó gún régé lójú tèmi.

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé e. "Ó jìnnà sí mi. Ṣé kí ọwọ́ mi máa rìnrìn àjò ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé e síbi tó bá tù yín lára."

Wọ́n fà á wá sísàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí pákó, ó sì yà sí òsì díẹ̀. Kò bá ìlà mu mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ wọn wá simi lórí pákó, àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló ń lọ sókè sódò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ogójì ìgbà kó tó rẹ̀ wọ́n. Níbi tí mo fi sí tẹ́lẹ̀, wọn ò tẹ̀ ẹ́ tó mẹ́wàá.

Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe é, ẹ ra bọ́tìnì yín kí ẹ tó lu ihò. Bọ́tìnì Sanwa ti Japan fẹ́ 30 mm, ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà fẹ́ bíi 28. Ẹ má sì lu ihò 100 mm fún èyí ńlá o, ọrùn ẹ̀ nìkan ló ń wọ inú pákó.

Lọ́jọ́ Sátidé ni màá gbé dírìlì. Ihò ti bọ́tìnì ńlá yẹn ni màá kọ́kọ́ lu, àwọn tó kù á wá àyè tiwọn.