Ẹ Má Fi Owó Ọ̀wọ́n Ra Orúkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Kámẹ́rà fún Àwọn Ọ̀dọ́ Wa ní Abidjan

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni a fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú Abidjan, tí ó sì ń tu owó jọ láti ra kámẹ́rà tí yóò máa fi jẹun, fi sí ọkàn kí ó tó jáde lọ sí ọjà. Owó irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Ó lè jẹ́ ọdún kan tàbí méjì ni ó fi tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọ̀gá, tàbí kí ó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ni ó yọ ọ́ nínú èrè ọjà. Bí owó náà bá bá kámẹ́rà tí kò yẹ lọ, kì í ṣe owó nìkan ni ó ṣòfò. Làálàá ọdún méjì ni ó bá a lọ. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí a ń jókòó sọ, àní fún àwọn àgbà tí kò ní di kámẹ́rà mú láéláé, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àwọn ni a ó wá yá owó lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ fọ́tò ti di iṣẹ́ ọmọ Yorùbá ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Kí ilẹ̀ náà tó gba òmìnira ní 1960 ni àwọn ènìyàn wa ti ń gba Dahomey, Tógò àti Gold Coast kọjá dé ibẹ̀, tí àwọn onílẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Anago. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò pọ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń ti Ẹ̀jìgbò lọ tààrà sí Abidjan, tí a sì ń gbọ́ èdè Faransé nínú ìlú Ẹ̀jìgbò fúnra rẹ̀. Bí àwọn kan ti ń ta ọjà ní Treichville àti Adjamé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn gbé kámẹ́rà kọ́ èjìká, tí wọ́n ń ya àwòrán ìwé ìdánimọ̀, àwòrán ìgbéyàwó àti ti ọmọ tuntun láti ìlú dé ìlú. Òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Erika Nimis, tilẹ̀ tẹ odindi ìwé kan jáde ní 2005 lórí bí àwọn ayafọ́tò Yorùbá ṣe tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé ní oṣù November 1969, ìjọba ilẹ̀ Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé dì sínú ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ bá wà ní orí rẹ̀, ibi tí ó bá sọ̀ sí ni ó ti lè tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni irinṣẹ́ àwọn bàbá onífọ́tò wọ̀nyí? Kámẹ́rà kan, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, aṣọ tí a ta sí ẹ̀yìn oníbàárà, àti yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ni ó sọ wọ́n di ọ̀gá, bí kò ṣe pé wọ́n mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣe ní ojú ènìyàn.

Kámẹ́rà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni èyí tí kì í lo fíìmù, ṣùgbọ́n tí dígí kékeré kan ṣì wà nínú rẹ̀. Dígí yìí ni ó ń gbé ohun tí lẹ́ǹsì rí wá sí ojú ẹni tí ń yọjú. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, dígí á gbéra, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sórí awo tí ó gba ipò fíìmù. Ní 2003 ni ilé iṣẹ́ Canon mú EOS 300D jáde, tí iye rẹ̀ kò tó 1,000 dọ́là Amẹ́ríkà, tí mẹ̀kúnnù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀nà dé ìdí irú rẹ̀. Lóde òní, àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà ti kọ ojú sí irú èyí tí kò ní dígí. Canon kéde ní 2021 pé EOS-1D X Mark III ni yóò jẹ́ ìkẹyìn nínú àwọn àgbà kámẹ́rà onídígí òun, Nikon pẹ̀lú sì ti dáwọ́ D3500 dúró.

Àwọn kan yóò sọ pé, bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí ọmọ wa tún fi kámẹ́rà onídígí ṣe? Èsì wa ni pé àǹfààní ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gan-an nìyẹn. Bí olówó ti ń ta tirẹ̀ láti ra tuntun, bẹ́ẹ̀ ni tòkunbọ̀ rere ń bọ́ sílẹ̀ ní iye. Àwọn ará Abidjan mọ ọ̀nà yìí dáadáa. Ọkọ̀ àlòkù tí ó ti òkè òkun dé, tí wọ́n ń pè ní "France au revoir", ni ọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í sì í ṣe ìtìjú. Láti ọjọ́ kejìlá oṣù January 1994, tí a dín iye owó CFA kù, tí 100 fránkì CFA fi di fránkì Faransé kan dípò 50, ni gbogbo ẹni tí ń ra irinṣẹ́ òkèèrè níbẹ̀ ti mọ̀ pé àràṣì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ìmọ̀ràn wa àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe ná gbogbo owó sórí kámẹ́rà. Bí a bá pín owó tí ó wà lọ́wọ́ sí ọ̀nà 10, kí 4 jẹ́ ti kámẹ́rà pẹ̀lú lẹ́ǹsì tí ó bá a wá. Kí 3 jẹ́ ti lẹ́ǹsì kejì. Kí 2 jẹ́ ti fíláàṣì. Kí 1 tí ó kù jẹ́ ti bátìrì kejì, káàdì méjì àti ohun tí a ó kó wọn sí. Ẹni tí ó fi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ra kámẹ́rà yóò dé òde ìyàwó ní alẹ́, yóò sì rí i pé òun ní ẹṣin ṣùgbọ́n òun kò ní gàárì.

Ìkejì ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi iye àmì tàn yín jẹ. Òǹtajà á máa pariwo "mílíọ̀nù 24! mílíọ̀nù 24!" bí ẹni pé ọ̀pọ̀ àmì ni ó ń sọ àwòrán di rere. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ̀yin olùkọ́ sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Fọ́tò tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, kò gbà ju mílíọ̀nù 2 àmì àti díẹ̀ lọ kí ó tó mọ́ kedere. Bí a bá sọ gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kò ju bíi mílíọ̀nù 8 àti ààbọ̀ lọ. Nítorí náà, kámẹ́rà oní-mílíọ̀nù 12 tí ó ti gbó díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le, ó tó iṣẹ́ ṣe.

Ìkẹta, lẹ́ǹsì ni ojú. Kámẹ́rà ni orí. Lẹ́ǹsì 18–55mm tí ó máa ń bá kámẹ́rà wá dára ní ọ̀sán gangan, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ kì í là púpọ̀, ó sì máa ń jìyà nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé lẹ́tà f ni ó ń sọ bí ihò náà ti tóbi tó: bí nọ́ńbà bá ti kéré sí i ni ihò ń tóbi sí i. Lẹ́ǹsì 50mm tí a kọ f/1.8 sí lára jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò wọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé lé ní ìlọ́po 9 ti lẹ́ǹsì tí ó dúró ní f/5.6. Ẹni tí ó ní irú rẹ̀ lè ya ìyá arúgbó kan lẹ́bàá fèrèsé láìtan iná, kí awọ ara rẹ̀ sì yọ bí Ọlọ́run ti dá a.

Bí ó bá wá kan orúkọ, a ó sọ èyí tí ó dá wa lójú. Nikon D3500, tí ó jáde ní 2018, fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ sì lágbára; nínú ìdánwò àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà, ó lè ya 1,550 fọ́tò kí a tó tún gba iná sí i, nígbà tí Canon EOS 2000D ti ọdún kan náà ń ya 500. Níbi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà, ẹ mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n D3500 kò ní ihò tí a lè ki máíkì bọ̀. D3300 ti 2014, tí ó dàgbà jù ú lọ, ní in. Ẹ rí i pé tuntun kì í fi gbogbo ìgbà sàn ju ògbólógbòó. Ẹni tí yóò máa ya fíìmù ìgbéyàwó pẹ̀lú ohùn, ẹ jẹ́ kí ó wá D3300 tàbí D5300.

Ní ti Canon, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ là yé yín kedere. Nínú EOS 2000D, EOS 4000D àti EOS 250D, wọ́n yọ irin àárín kúrò ní ibi tí a ń fi fíláàṣì sí lórí kámẹ́rà. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ fíláàṣì olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe ti Canon kò ní tàn lórí wọn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ra méjèèjì, yóò sì máa rò pé ẹnìkan fi èpè ránṣẹ́ sí òun. Bákan náà, àwọn kámẹ́rà Nikon kékeré kò ní mọ́tò tí ń yí lẹ́ǹsì; èyí tí a kọ AF-S sí lára ni kí ẹ rà, nítorí èyí tí a kọ AF-P sí kì í bá D3100 àti D3200 ṣiṣẹ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ẹ bá dé iwájú òǹtajà tòkunbọ̀, ẹ mú káàdì tiyín dání. Ẹ ya ògiri funfun pẹ̀lú ihò lẹ́ǹsì tí a pa dé f/22, kí ẹ sì fẹ àwòrán náà lójú. Bí àbàwọ́n dúdú bá wà ní ojú kan náà nínú gbogbo àwòrán, ìdọ̀tí ti bá awo inú. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gbà á kọjá. Bí ẹ bá rí ohun funfun tí ó tàn bí òwú aláǹtakùn, lẹ́ǹsì náà ti bu bí búrẹ́dì tí ó pẹ́ nínú àpò. Ẹ béèrè iye ìgbà tí a ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀. A lè rí i kà nínú fọ́tò tí Nikon bá yà. Bí òǹtajà bá ní kí ẹ má yẹ ọjà wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọ̀sà Ébrié yí Abidjan ká, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tá lẹ́ǹsì. Kí a má ṣe kó kámẹ́rà sínú àpò awọ ní òru. Ike onídèérí tí ó dí dáadáa, pẹ̀lú àwọn àpò pélébé tí ń fa omi, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun, ni ó yẹ ẹ́. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè gba lẹ́ǹsì là fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òwò lásán ni èyí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ń fọ àwòrán aláwọ̀ mèremère gbòde ní ọdún 1980 sí 1989, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò àtijọ́ ni ó kógbá wọlé, tí fíìmù àwọn bàbá wa sì di ìdọ̀tí tí a gbá dà nù. Ojú àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ Treichville dó láàrín àwọn ènìyàn wa bá a lọ. Àwòrán tòní rọrùn láti sọnù ju fíìmù lọ, nítorí káàdì kékeré kan lè kó ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó lọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, kí ayafọ́tò wa máa tọ́jú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, kí ó kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sí i; kí ẹ̀yin náà máa bi í léèrè bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a kò bá ya ara wa, àwọn ẹlòmíràn ni yóò yà wá, bí ó bá sì ti wù wọ́n ni wọn yóò ṣe fi wá han aráyé. Kò dìgbà tí ọmọ wa bá ní kámẹ́rà olówó iyebíye kí ó tó ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ó ra èyí tí agbára rẹ̀ ká, kí ó ra lẹ́ǹsì tí ó gba ìmọ́lẹ̀, kí ó sì fi ọdún kan jókòó ti ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ ni kí ó fi ẹ̀sọ̀ wá ju bí ó ti ń wá kámẹ́rà lọ, nítorí kò sí ọjà tí a ti ń ra òye ní tòkunbọ̀.