Ìdójútòfò Ìlera fún Ọmọ Mẹ̀kúnnù ní Igbó-Ọrà: Ọ̀rọ̀ Wo Ni A Ó Fi Ṣàlàyé Rẹ̀?

Iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí ni láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò gbé òye tuntun dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀. A sábà máa ń rò pé inú kíláàsì nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń jókòó sí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ mú òǹkàwé lọ sí ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ilé-ìwòsàn alábọ́dé kan ní Igbó-Ọrà, níbi tí ìyá ọlọ́mọ kan jókòó sí pẹ̀lú ìbejì rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì sì ń sọ fún un pé ó yẹ kí ó fi orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀ fún ìdójútòfò ìlera. Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá náà kò ṣòro láti mọ̀: “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, bí àwọn ọmọ mi kò bá ṣàìsàn títí ọdún fi yí po, ṣé ẹ ó dá owó mi padà?”

Ọwọ́ ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ni ìdáhùn sí ìbéèrè yìí wà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣi ìyá yìí lọ́nà, yóò gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Kò ní í padà wá ní ọdún kejì. Bí ibà bá sì dé lóru, àwọn ọmọ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Ìdí tí a fi mú Igbó-Ọrà

Igbó-Ọrà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ìbàràpá, òun sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín-Gbùngbùn Ìbàràpá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú àgbẹ̀ ni: ẹ̀gúsí, gbágùúdá àti àgbàdo wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn. Owó àgbẹ̀ kì í wọlé lóṣooṣù bíi ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìgbà ìkórè ni owó ń dé, ṣùgbọ́n àìsàn ọmọ kì í dúró de ìkórè.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera ìgbèríko Ìbàràpá sílẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń wá gbé láàárín ará ìlú láti kọ́ bí a ti ń tọ́jú gbogbo àwùjọ, kì í ṣe aláìsàn kan ṣoṣo lórí ibùsùn. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí lórí ìbejì, tí ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, bí 45 ni ó jẹ́ ti ìbejì. Iye yìí ju ìlọ́po mẹ́ta ti ilẹ̀ Yúróòpù lọ ní àkókò náà.

Ẹ̀bùn ni ìbejì, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n a sábà máa ń bí wọn ṣáájú ọjọ́, wọ́n sì sábà máa ń kéré ju ọmọ tí a bí ní ẹyọ kan lọ. Bí ibà bá mú Táíwò lónìí, kò ṣòro kí ó mú Kẹ́hìndé lọ́la. Owó egbòogi méjì, ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, bí ibì kan bá wà tí ó yẹ kí ìdójútòfò ìlera àwọn ọmọ ti yé tọmọdé tàgbà, Igbó-Ọrà ni.

Bí ètò náà ti dé ọ̀dọ̀ wa

Ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ fi òfin gbé ìdójútòfò àìsàn kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1883. Ní Nàìjíríà, òfin ti ọdún 1999 ni ó dá ètò ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ọdún 2005 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí a ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ sì bá ọ̀nà ìdójútòfò lọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá àjọ ìdójútòfò ìlera tirẹ̀ sílẹ̀ nípa òfin ọdún 2016. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, òfin tuntun rọ́pò ti 1999. Ó sọ ìdójútòfò ìlera di ọ̀ranyàn fún gbogbo ẹni tí ń gbé ní Nàìjíríà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí ó kù díẹ̀ káàtó fún. Àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, aboyún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti aláìní wà lára wọn.

Àwọn ará Gánà ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Òfin wọn ti ọdún 2003 fi ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ọjà láti bọ́ àpò náà; ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 kò sì ní í san owó ìdáwó.

Kí a má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ìwòsàn ọ̀fẹ́. Àwọn àgbà Ìbàràpá rántí ọdún 1979 sí 1983, nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ìwòsàn ọ̀fẹ́ sì wà lára òpó mẹ́rin ètò ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ ń gbé lọ́wọ́ ìjọba tí ó wà lórí àléfà. Ìdójútòfò yàtọ̀: àpò kan ni, tí ó ní orúkọ àwọn tí ó ni ín nínú ìwé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní ìpín nínú rẹ̀.

Èésú, àjọ, àbí ọ̀wẹ̀?

Nígbà tí a bá fẹ́ ṣàlàyé ìdójútòfò, èésú ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Kò yani lẹ́nu. Èésú ti pẹ́ láàárín wa. Àlùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n nínú èésú, ẹni tí ó dá ẹgbẹ̀rún yóò kó ẹgbẹ̀rún rẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Nínú àjọ pẹ̀lú, owó ẹni ni alájọ ń bá ni tọ́jú, tí yóò sì yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Nínú méjèèjì, owó ń padà sọ́dọ̀ olówó. Olùkọ́ tí ó bá pe ìdójútòfò ní èésú ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé owó yóò padà.

Iṣẹ́ oko ni a ó ti rí àfiwé tí ó dára jù. Àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Àáró ni èésú iṣẹ́: bí mo bá ro oko rẹ lónìí, ìwọ yóò ro tèmi lọ́la. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ìnira tàbí iṣẹ́ ńlá ni a ń lọ bá ṣe é. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò wó kì í bínú pé àwọn ènìyàn kò wá bá òun kọ́lé. Ó mọ̀ pé bí ó bá wó, wọn yóò wá. Ọ̀wẹ̀ tí a fi owó ṣe, tí òfin sì ń ṣọ́, ni ìdójútòfò ìlera.

Ìṣirò tí ó wà nínú rẹ̀

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọmọ tí yóò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá pọ̀, a lè fojú díwọ̀n iye tí yóò ṣàìsàn nínú wọn. Orí èyí ni gbogbo ètò náà dúró lé. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Kì í ṣe iye owó tí ìjọba ń gbà ni a ń sọ. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá wà, tí a sì dá ₦1,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦100,000 ni yóò wà nínú àpò. Bí 20 nínú wọn bá ṣàìsàn, tí ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦4,000, a ó ná ₦80,000. ₦20,000 tí ó kù wà fún owó iṣẹ́ àti fún ọdún tí àìsàn bá pọ̀ jù. Ìyá ìbejì tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn ìbá wá ₦8,000 lọ́sàn-án kan. ₦2,000 ni ó dá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwọn 20 tí ń ṣàìsàn nìkan ni òbí wọn wá forúkọ sílẹ̀, ₦20,000 ni yóò wà nínú àpò, ₦80,000 ni a ó sì ná. Àpò yóò gbẹ. Ìdí nìyí tí òfin ọdún 2022 fi sọ ọ́ di ọ̀ranyàn, tí ó sì fi yẹ kí ìjọba dá owó fún àwọn tí kò ní. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí á ṣọ́ra fún

Èkíní ni “ìdójútòfò” fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáradára ni: ohun tí ó dójú ti òfò. Kò sọ pé òfò kò ní í dé. Ó ní bí ó bá dé, ojú yóò tì í. Nípa mọ́tò àti ilé, kò sí àléébù kan. Ṣùgbọ́n létí ìyá tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́, “òfò” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń pè mọ́ ọmọ. Àbá wa ni pé kí “ìdójútòfò ìlera” dúró nínú ìwé òfin àti nínú kíláàsì, kí a sì lo “ìdáwójọ ìlera” níwájú ilé-ìwòsàn.

Èkejì ni owó tí òbí ń san. “Owó àsansílẹ̀” mú kí ó jọ owó tí a fi pamọ́ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. “Owó ìdáwó” sàn jù, nítorí ẹni tí ó dáwó mọ̀ pé àpapọ̀ ni ó ni ín.

Ẹ̀kẹta ni iye tí a ń san fún ilé-ìwòsàn lóṣooṣù lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣàìsàn, ìbáà má ṣàìsàn. Ògbufọ̀ tí ó bá kánjú lè pè é ní “owó-orí”. Ẹ̀rù ń bà wá o! Ní ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ti jà ní 1968 sí 1969 nítorí owó-orí, tí a sì ń rántí Àgbẹ́kọ̀yà títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí lè tú gbogbo ìpàdé ká. “Owó ìtọ́jú ẹnìkọ̀ọ̀kan” ni kí a pè é.

Ẹ̀kẹrin ni “ọmọ”. Nínú ètò ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bí a ti gbé e kalẹ̀, òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ mẹ́rin tí kò tí ì pé ọdún 18 ni a kà. Ní Igbó-Ọrà, ìyá tí ó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì ti kún iye náà nínú oyún méjì péré. Bí Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú àti Àlàbá bá ti wọlé, Ìdògbé wà ní ìta títí òbí rẹ̀ yóò fi san àfikún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a gbà tọ́ kò sì sí nínú “ọmọ bíbí inú”, bẹ́ẹ̀ a kì í yà á sọ́tọ̀ nídìí àwo oúnjẹ. Kí ògbufọ̀ kọ “ọmọ bíbí inú” ní kedere, kí òbí má baà gbọ́ “ọmọ” lásán kí ó wá rí ìjákulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún ni “tálákà”. Òbí tí ìjọba ń dá owó fún ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ kí a pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba. “Ẹni tí ìjọba ń bá dáwó” sọ òtítọ́, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún òbí: bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, nípasẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀, oníṣẹ́-ọwọ́ tàbí oníṣòwò, nípasẹ̀ àjọ ìdójútòfò ìlera ìpínlẹ̀, bí kò bá ní, tàbí tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún márùn-ún, kí ó béèrè ní ilé-ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù rẹ̀ nípa àpò tí ìjọba ń bá wọn dá. Kí ó ní ìwé ìbí ọmọ àti nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Kí ó sì béèrè àwọn ìtọ́jú tí ó wà nínú ètò àti èyí tí kò sí níbẹ̀, kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ti fi hàn pé ọmọ lè kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, kí ó sì yé e. Ìṣirò ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a ṣe lókè yìí kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí ó bá yé e ní kíláàsì, yóò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nílé. Nígbà náà, bí ìyá náà bá tún béèrè pé, “Ṣé ẹ ó dá owó mi padà?”, nọ́ọ̀sì yóò lè dáhùn tààrà pé: “Rárá o, Ìyá Ìbejì. Ọ̀wẹ̀ ni ẹ bá wa ṣe. Ọmọ ẹlòmíràn ni owó yín wò sàn lọ́dún yìí. Bí ó bá kan tiyín, owó wọn yóò wò wọ́n sàn.”