Oore tí Ọba Akítóyè ṣe fún Kòsọ́kọ́

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn àgbà n'Íkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ìjà ilẹ̀ bá dé, ẹ ó gbọ́ òwe méjì tó ń ta ko ara wọn. Ẹnì kan á ní ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ẹlòmí-ìn á ní oore kì í gbé. Èwo wá ni ká mú níbẹ̀? Olóògbé Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó kó tó kú lọ́dún 2018, jà fún un títí pé onírònú gidi làwọn baba wa, ó ní ẹ lè gbé Ọ̀rúnmìlà sí ẹ̀gbẹ́ Socrates ará Gíríìsì, ojú ò sì ní í tì yín. Mo gbà á gbọ́. Àwọn tó pa òwe méjèèjì yẹn mọ ọmọ aráyé, ìtàn bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé Ẹ̀pẹ́ sì jẹ́rìí sí i.

Lọ́dún 1841 ni Akítóyè jọba Èkó. Wọ́n ti lé Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kúrò nílùú nígbà náà. Àánú ṣe ọba, ó ní kí wọ́n lọ mú un wálé. Ẹlẹ́tù Òdìbò fàáké kọ́rí pé ọ̀rọ̀ náà kò ní í bímọ tó dáa. (Kì í kúkú ṣe tìlú nìkan ló ń dùn ún, ọ̀rọ̀ obìnrin ti wà láàárín òun àti Kòsọ́kọ́ tẹ́lẹ̀.) Akítóyè ò gbọ́. Nígbà tó di 1845, Kòsọ́kọ́ gbéjà kò ó, ó ká a mọ́ ààfin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi iyọ̀ ọ̀sà làwọn èèyàn ń mu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ogun Olómirò. Wọ́n pa Ẹlẹ́tù, ọba sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọ̀rẹ́ ò dénú, àbí? Ẹ ní sùúrù ná.

Òṣòdì Tápà ni balógun Kòsọ́kọ́. Ọmọ Tápà tó di ẹrú ọba Èkó ni, kó tó di olóyè. Ìtàn sọ pé òun ló lépa Akítóyè lójú omi, tó sì bá a ní Agboyi. Ká ní ẹ̀yin ni ńkọ́? Ńṣe lọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ fún ọba tó ń sá lọ, tó ṣàdúrà fún un, tó ní kó máa lọ s'Ábẹ́òkúta láyọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọba ló lé e, ẹrú àná ló ṣàánú ẹ̀!

Kò pẹ́ tí ayé yí. Ní December 1851, ìbọn òyìnbó dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́, Kòsọ́kọ́ sá lọ s'Ẹ́pẹ̀ẹ́, Òṣòdì ò sì fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú òyìnbó lọ́dún 1854. Lọ́dún 1862 ni wọ́n tó padà s'Ékòó, wọ́n sì fún Òṣòdì àtàwọn èèyàn rẹ̀ nílẹ̀. Àdúgbò ọ̀hún ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní.