Ètò Ìyàwòrán Wo Ni Kí A Fi Sórí Kọ̀ǹpútà Ilé?

Àwọn òbí bíi mẹ́rin ti bi mí léèrè lọ́dún yìí nípa irú ètò ìyàwòrán tó yẹ kí wọ́n fi sórí kọ̀ǹpútà ilé wọn fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára pẹ́ńsùlù. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Ewékorò, ló le jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ọ̀ràn àtijẹ wà nínú tirẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ, ó sì ń tà á ní Ìtòkú, l’Ábẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 sì ti ń ya bátànì tuntun fún ìyá àgbà. Inú ìwé ìṣirò ló ń yà wọ́n sí. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ojú ewé kan níbẹ̀ tí kò ní ẹyẹ, ewé tàbí alángbá.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ ni wọ́n ní nílé, RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, bátìrì rẹ̀ kì í sì í lò ju wákàtí kan lọ bí iná bá ti lọ. Ewékorò ọ̀hún sì nìyí, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà láti 1960, tí eruku àwọn tírélà kì í sì í jẹ́ kí ohunkóhun mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n mi rán aṣọ ìbora fún kọ̀ǹpútà náà bí ẹni rán aṣọ fún ọmọ ọwọ́.

Photoshop ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dá. Ó ti wà láti 1990, agbára rẹ̀ kò sì ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n láti 2013 ni Adobe tó ni ín ti yí ọ̀nà ìtajà padà: a kì í ra ẹ̀dà tuntun mọ́ kí ó di tiwa pátápátá, háyà ni à ń háyà rẹ̀, tí a ó sì máa sanwó lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún. Ẹni tó ń fi àwòrán yíyà jẹun lè fara mọ́ èyí. Ìdílé tó ń san owó ilé ìwé ọmọ ńkọ́? Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní òun lè bá wọn fi ayédèrú rẹ̀ sí i ní ₦3,000, bí a bá ṣáà ti lè kọ́kọ́ pa ètò tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì ná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kí ó fi í sílẹ̀. Ta ni yóò so ajá ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àlejò tí kò mọ̀ rí lè ráyè wọlé?

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ wo ohun tó ti wà nílé. Paint ti ń bá Windows bọ̀ láti 1985. Ó tó fún ọmọ láti fi mọ bí a ti ń darí máòsì, kò sì nira fún kọ̀ǹpútà àtijọ́. Fún àbúrò ọmọbìnrin náà, tó jẹ́ ọmọ ọdún 6, Tux Paint ni mo fi sí i. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2002 ló sì ti wà; àwọn tó ṣe é ní àwọn ọmọ ọdún 3 sí 12 lọ́kàn. Àwọn àmì rẹ̀ tóbi, ó ń dún bí ọmọ bá ti ń lò ó, ó sì ń gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà kí ọmọ má baà ṣèèṣì wọ inú fáìlì bàbá rẹ̀. Ẹ pa ohùn rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn lọ́sàn-án.

Ọmọ ọdún 11 tó ń ya bátànì aṣọ nílò ju ìyẹn lọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni èyí tí à ń fi ẹ̀kọ láfún ya sára aṣọ funfun kí a tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn kan ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ náà sí i. Àwọn mìíràn ń fi páànù tí wọ́n gé ihò bátànì sí lára lé e lórí aṣọ. Ọ̀nà yòówù kí ó jẹ́, bátànì kan náà ni yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe káàkiri aṣọ, ojú alárà sì máa ń tètè rí ibi tí igun kan kò ti bá èkejì mu.

Nítorí èyí ni mo ṣe yan Krita. Ọ̀fẹ́ ni òun náà ní ojúlé àwọn tó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì; bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń tà á ní ilé ìtajà Microsoft, ètò kan náà ni, owó náà wà fún ìrànwọ́ iṣẹ́ wọn. Búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ọmọ náà pariwo ni pé bí a bá tẹ lẹ́tà W, àwòrán yóò máa tún ara rẹ̀ yà lọ sọ́tùn-ún, sósì, sókè àti sísàlẹ̀. Ìlà tó bá jáde ní etí ọ̀tún yóò gba etí òsì wọlé padà. Ó lè rí odindi ìró aṣọ lójú kan náà kí ẹnikẹ́ni tó po ẹ̀kọ. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà náà ń lọ́ra bí iṣẹ́ bá ti pọ̀. A jẹ́ kí ojú ìwé rẹ̀ mọ ní píksẹ́lì 2,000 níbùú àti lóòró, a pa gbogbo ètò mìíràn, ó sì ń lọ.

GIMP, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Berkeley l’Ámẹ́ríkà, Spencer Kimball àti Peter Mattis, bẹ̀rẹ̀ ní 1995, wúlò fún fọ́tò ju àwòrán ọwọ́ lọ. A lò ó láti tún fọ́tò àwọn àdìrẹ àtijọ́ inú àpótí ìyá àgbà ṣe, títí kan Olóba, bátànì tó jáde nítorí ayẹyẹ ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní 1935. Aṣọ náà ti ń já. Fọ́tò ni yóò kù.

Gígé páànù tún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Píksẹ́lì ni Krita fi ń kó àwòrán jọ, bí ẹ bá sì fẹ̀ ẹ́ jù, etí rẹ̀ á dà bí eyín ayùn. Ìlà ni Inkscape, ètò ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ń lò ní tirẹ̀. Àwòrán kan náà lè mọ bí àtẹ́lẹwọ́ tàbí kí ó tó ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ó sì lè sọ àwòrán Krita di ìlà. A tẹ ẹyẹ kan jáde lórí bébà. Ìyá àgbà wò ó títí, ó ní, “Ojú ẹyẹ yìí á já bọ́. Kí ló dì í mú?” Òtítọ́ ni: ohun tó bá wà láàárín ihò láìní okùn tó so ó mọ́ ara páànù yóò já bọ́ ni. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn ètò wọ̀nyí tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.

Ìyá àgbà kan náà ló gbé ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jù lọ kalẹ̀. “Ọmọ mi, bí mo bá kó bátànì mi sínú ẹ̀rọ yìí, ṣé àwọn ará òkè òkun kò ti rí i nìyẹn?” Kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè wà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ, tí wọ́n sì ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Èsì mi ni pé ó wà lọ́wọ́ ètò tí a bá yàn. Àwọn bíi Canva ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ yín sì ń wà. Tux Paint, Krita, GIMP àti Inkscape kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà wọ́n wálé lẹ́ẹ̀kan; inú kọ̀ǹpútà yín ni fáìlì ń wà. Fún èmi, èyí wúwo ju iye búrọ́ọ̀ṣì lọ, kì í sì í jẹ dátà.

Ẹ má tíì ra pátákó oníbírò tí a fi ń yàwòrán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi máòsì ṣe é fún oṣù díẹ̀ ná. Bí ìfẹ́ rẹ̀ bá ṣì gbóná, nígbà náà ni kí ẹ ra èyí tó kéré jù.

Ìyá àgbà gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ sí bátànì kankan tí wọn yóò fi pamọ́ láìní orúkọ, nítorí pé àdìrẹ tí kò lórúkọ kò ní ìtàn tí a ó sọ fún oníbàárà. Fáìlì àkọ́kọ́ tí ọmọ náà parí ń jẹ́ Tírélà Ewékorò: táyà ńláńlá mẹ́rin, pẹ̀lú eruku tó ń tú jáde lẹ́yìn wọn bí ìyẹ́ adìyẹ. Ẹ̀dà kan wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà lórí fíláàṣì tí ìyá àgbà dì mọ́ etí ìró, tó sì gbé lọ sí Ìtòkú.