Ìdánwò linux-next

Ìdánwò linux-next ni àyẹ̀wò tí a ń ṣe lórí àkójọpọ̀ kóòdù tuntun ti kernel Linux kí kóòdù náà tó wọ inú ẹ̀dà tí gbogbo ènìyàn yóò lò. Kernel ni ekùrọ́ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà: òun ni ó ń pín ìrántí àti àkókò fún àwọn ètò yòókù, òun náà ni ó sì ń darí dísìkì, kíbọọ̀dù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991 ní ìlú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Fínlándì. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti tún ṣe àti láti pín. Òun ni ó wà lábẹ́ Android tí ọ̀pọ̀ fóònù alágbèéká ń lò, àti lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró. Nítorí náà, àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè ba iṣẹ́ àti fáìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Ìdí tí a fi ń dán ìdàpọ̀ wò

Kóòdù Linux ju mílíọ̀nù 30 ìlà lọ, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè dá a tọ́jú. A pín in sí ẹ̀ka: ẹ̀ka kan wà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òmíràn fún ètò fáìlì, òmíràn fún ìrántí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tirẹ̀, ẹni tí ó ń kó àwọn àtúnṣe tuntun jọ sínú àpò kóòdù tí àwọn olùṣẹ̀dá ń pè ní igi.

Igi méjì lè dára ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ kí wọ́n má lè gbé pọ̀. Bí olùtọ́jú ìrántí bá yí orúkọ function kan padà, tí ó sì ṣe àtúnṣe sí gbogbo ibi tí a ti ń lò ó, iṣẹ́ rẹ̀ pé. Bí olùtọ́jú ètò fáìlì bá kọ kóòdù tuntun tí ń lo function yẹn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, iṣẹ́ tirẹ̀ náà pé. Ọjọ́ tí a bá da igi méjèèjì pọ̀ ni wàhálà yóò yọjú. Git, ètò tí Torvalds ṣe ní ọdún 2005 fún títọ́jú kóòdù, máa ń kíyè sí i bí ẹni méjì bá yí ìlà kan náà padà. Kò lè rí irú ìforígbárí yìí, nítorí pé ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì fọwọ́ kàn. Ìdánwò nìkan ni ó lè tú u fó.

Ìtàn

Ẹ̀dà tuntun Linux máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ 9 sí 10. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni àkókò ìdàpọ̀, nígbà tí Torvalds ń gba àwọn igi wọlé. Lẹ́yìn èyí, ó máa ń gbé ẹ̀dà ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, tí a ń pè ní rc1. Òmíràn a sì máa tẹ̀ lé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí àwọn àṣìṣe ńlá yóò fi dínkù.

Àtúnṣe tí ń wọlé fún ẹ̀dà kan sábà máa ń ju 10,000 lọ. Tí ó bá jẹ́ pé inú àkókò ìdàpọ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ara wọn, ọ̀sẹ̀ méjì kò ní tó láti yanjú ìforígbárí wọn. Láti dín ìṣòro yìí kù, Stephen Rothwell, olùṣẹ̀dá kan ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ linux-next ní oṣù kejì ọdún 2008.

Bí àkójọpọ̀ náà ṣe ń wáyé

Ní ọjọ́ iṣẹ́, olùtọ́jú linux-next máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí igi Torvalds. Yóò wá da ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi mọ́ ọn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Láàárín ìdàpọ̀ kan sí òmíràn, ó máa ń compile kernel náà, èyí ni pé ó ń sọ kóòdù tí ènìyàn kọ di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí ìforígbárí kékeré bá wà, yóò tún un ṣe, yóò sì kọ̀wé sí àwọn olùtọ́jú tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí igi kan kò bá jẹ́ kí kernel náà compile, ó lè fi í sílẹ̀, kí ó sì lo ti ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Orúkọ àkójọpọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni next-, tí ọdún, oṣù àti ọjọ́ tẹ̀ lé. A kì í kọ́ tòní lé orí tàná: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń tún un kó jọ. Nítorí náà, kò yẹ kí olùṣẹ̀dá fi í ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Kóòdù tí a ti yẹ̀ wò, tí a sì fẹ́ kí ó wọlé ní àkókò ìdàpọ̀ tí ń bọ̀, ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Oríṣi ìdánwò

Ìdánwò àkọ́kọ́ ni kí kernel náà compile fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ, bíi x86, ARM, PowerPC àti RISC-V. Èkejì ni kí ẹ̀rọ lè tàn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí àwọn ètò ìdánwò bíi kselftest àti KUnit ṣe àyẹ̀wò apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Intel ni ó ni kernel test robot, Linaro ni ó ni LKFT. Àwọn ilé ìdánwò tí ó wà ní ibi púpọ̀ ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe KernelCI, tí ó di iṣẹ́ lábẹ́ Linux Foundation ní ọdún 2019. Syzbot ti Google máa ń da àwọn àṣẹ tí kò létò bo kernel láti mọ ibi tí yóò ti dákú.

Bí àṣìṣe bá yọjú, a máa ń lo git bisect láti wá orísun rẹ̀. Ó ń pín àwọn àtúnṣe sí méjì, a ó dán àárín wò, a ó sì mọ apá tí àṣìṣe wà. Lọ́nà yìí, nínú àtúnṣe 10,000, ìdánwò bíi 14 ti tó láti mú ẹyọ kan tí ó fa ìjàǹbá.

Ibi tí ìdánwò mọ

Ìdánwò kò lè fi ju ohun tí àwọn ẹ̀rọ tí a fi ṣe é bá bá pàdé hàn. Ẹ̀dà Linux 5.12-rc1, tí ó jáde ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, jẹ́ ẹ̀rí èyí. Àṣìṣe kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan swap, ibi orí dísìkì tí kernel ń kó ohun tí kò gba inú ìrántí mọ́ sí. Swap lè jẹ́ apá dísìkì tí a yà sọ́tọ̀, ó sì lè jẹ́ fáìlì láàárín àwọn fáìlì yòókù. Àwọn tí ń lo apá ọ̀tọ̀ kò rí ohunkóhun. Lórí ẹ̀rọ àwọn tí ń lo fáìlì, ibi tí kò yẹ ni kernel ń kọ nǹkan sí, èyí tí ó lè ba gbogbo fáìlì orí dísìkì jẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, Torvalds kìlọ̀ fún àwọn olùṣẹ̀dá, ó sì yí orúkọ ẹ̀dà náà padà sí v5.12-rc1-dontuse, èyí tí ó túmọ̀ sí «ẹ má lò ó». Ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi í ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́, kí git bisect má baà gbé ẹlòmíràn padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Rc2 jáde kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ìkópa àwọn aṣàmúlò

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ àwọn aṣàmúlò lásán fi wúlò. Kọ̀ǹpútà àtijọ́, tàbí èyí tí a tò lọ́nà tí kò wọ́pọ̀, lè rí ohun tí ilé ìdánwò ńlá kò rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kópa gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì rẹ̀ sí ibòmíràn, tàbí kí ó lo kọ̀ǹpútà tí kò ní ohun iyebíye nínú. Ó tún yẹ kí ó fi kernel àtijọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, kí ó lè padà sí i bí tuntun bá kọ̀ láti tàn. Ìròyìn tí ó wúlò máa ń sọ orúkọ àkójọpọ̀ ọjọ́ náà, irú ẹ̀rọ tí a lò, ohun tí kernel kọ sílẹ̀ nígbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀, àti ẹ̀dà ìkẹyìn tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí a bá tún àṣìṣe náà ṣe, orúkọ ẹni tí ó mú ìròyìn wá sábà máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe náà, lẹ́yìn àmì Reported-by.