Ìkarahun àti Òkúta Wẹ́wẹ́ fún Adìẹ tí a Sé Mọ́lé

Bí adìẹ bá ń jẹ̀ káàkiri àkìtàn, ẹni tí ó ni ín kì í sábà ronú ohun tí ó ń ṣà jẹ lẹ́yìn àgbàdo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá kọ́ ilé fún un, tí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ohun tí ó ti ń wá fún ara rẹ̀ di ohun tí àwa ní láti wá fún un.

Àwa kò mọ èyí nígbà tí a kọ́kọ́ sé àgbébọ̀ méjìlá mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa. Àgbàdo ni a ń fún wọn, omi kò sì wọ́n wọn. Nígbà tí ó ṣe, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí dín. A fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ tí ń gbá ilé wọn, a sì bá a wí gidigidi. Ọmọ náà sọkún, ó ní òun kò mú ohunkóhun. Òtítọ́ ni ó sọ. Àwọn adìẹ ni ó ń yé ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀ bí awọ, tí ó ń fọ́ lábẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Ẹnìkan gbà wá níyànjú pé kí a da òkúta wẹ́wẹ́ síwájú wọn. A ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìyàtọ̀. Níhìn-ín, ẹ̀yin ará wa, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà. Eyín ni òkúta jẹ́ fún adìẹ. Inú iwe rẹ̀ ni ó ti ń lọ ọkà bí a ti ń lọ ata, òkúta líle tí ó gbé mì sì ni ọmọ ọlọ rẹ̀. Akọ òkúta ni ó dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí kì í tètè yọ́.

Ìkarahun ní tirẹ̀, yíyọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyin kan ń gba nǹkan bí gíráàmù 2 kálísíọ́mù láti fi ṣe èèpo, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo egungun àgbébọ̀ kò ní ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ. Àgbàdo fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá. Nítorí náà, bí adìẹ kò bá rí i jẹ, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti máa yọ ọ́, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní lè gbé e mọ́. Ọ̀kan nínú tiwa dé ipò yìí. Nígbà tí a pa á, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ lọ́wọ́ wa bí igi gbígbẹ.

Ìkarahun ìgbín, tí a ti ń dà nù sí àkìtàn, ni ó tú wa sílẹ̀. A fọ̀ ọ́, a sá a gbẹ, a sì gún un nínú odó di wóró-wóró, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú. Nǹkan bí wákàtí 20 ni èèpo ẹyin fi ń dì, òru sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí adìẹ kò jẹun. Wóró ńlá a máa wà nínú iwe di òru, a sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú a ti kọjá lọ. Èèpo ẹyin náà dára, bí a bá yan án gbẹ, tí a sì fọ́ ọ títí kò fi jọ ẹyin mọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹfun tí ó jẹ́ amọ̀ lásán kò wúlò fún èyí, bí ó ti wù kí ó funfun tó.

Inú àwo ọ̀tọ̀ ni kí a gbé ìkarahun sí. Àgbébọ̀ tí ń yé yóò ṣà á bí ó ti tó fún un. Kí a má ṣe pò ó mọ́ oúnjẹ òròmọdìẹ, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ a máa ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹyin wa tún fi le. Ọmọ náà ni a rán láti kó wọn wá, lẹ́yìn tí a ti bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ará ilé tí a ti bá a wí lójú wọn.